Kí Ẹ Tó Tú Kábúrétọ̀ Yamaha 40 Yín

Tí ẹ́ńjìnnì bá kú sáàárín ọ̀sà, ẹ ó gbọ́ ohun tí èrò ọkọ̀ máa wí: "Kábúrétọ̀ ni." Ẹni tí kò fojú kan kábúrétọ̀ rí láyé ẹ̀, tó jókòó jẹ́ẹ́ ti agbọ̀n ẹja ẹ̀, òun náà á ní kábúrétọ̀ ni, ìyẹn ibi tí epo àti atẹ́gùn ti ń pò pọ̀ kí wọ́n tó wọnú ẹ́ńjìnnì. Láti 1996 ni mo ti wà nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi l'Ẹ̀pẹ́, ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ìyókù lábẹ́ àtíbàbà tèmi. Kábúrétọ̀ tí wọ́n gbé wá fún mi tí kò ṣẹ̀ rárá pọ̀ ju èyí tó ṣẹ̀ lọ. Epo tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kò dé. Ìgbà míì, nǹkan dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nǹkan ọ̀hún kì í ṣe epo.

Ọ̀nà tí epo fúnra ẹ̀ ń gbà ni mo fẹ́ ká jọ gbà: láti inú táńkì, sí họ́ọ̀sì, sí pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́, sí fítà tó ń sẹ́ epo, sí pọ́ọ̀ǹpù ara ẹ́ńjìnnì, ká tó wá kan kábúrétọ̀. Ẹni tó bá ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ á fọ kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rántí pé táńkì ní ìdérí.

Ẹ́ńjìnnì tí mò ń bá wí ni Yamaha 40 Enduro àtijọ́, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo ẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Yamaha 15 àti Suzuki 40 ayé ọjọ́un kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí tiyín bá jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà ń wọn epo fún, ẹ gba ọ̀rọ̀ táńkì àti họ́ọ̀sì lẹ́nu mi, ẹ fi ìyókù sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣáájú. Ní èbúté tiwa, àwọn ìyá tó ń yan ẹja kò jìnnà síbi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ooru tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń lọ lúgọ sí, ojú ò sì ní rí i. Ẹ má tú nǹkan elépo nínú ọkọ̀ tó wà nítòsí iná. Ẹ gbé e wá sórí ilẹ̀, sábẹ́ òjìji, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ẹ sì ní kí ẹni tó ń mu sìgá lọ kí àwọn ará ilé. Ẹ má sì fi ẹnu fa epo nínú họ́ọ̀sì. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ti ṣe é. Ẹ má ṣe é mọ́.

Epo ni tàbí iná ni?

Ẹ fa okùn bí ìgbà mẹ́fà. Tí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀, ẹ yọ pílọ́ọ̀gì méjèèjì, àwọn tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo ẹnu wọn. Tí wọ́n bá tutù, tí wọ́n ń rùn bẹntiróòlù, epo ń dé inú. Tí wọ́n bá gbẹ táútáú, kò dé. Ẹ dá pílọ́ọ̀gì padà, ẹ da epo tí ẹ ti po ọ́ìlì mọ́, bí ṣíbí kékeré kan, sí ẹnu kábúrétọ̀, kí ẹ tún fa okùn. Tó bá jí fún ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta tó sì kú, iná wà, epo ni kò sí, ẹ máa bá mi bọ̀. Tí kò bá dún rárá, ẹ lọ wá ẹni tó máa bá yín wo iná. Bí okùn bá sì rọ̀ lọ́wọ́ yín bí ẹni ń fa okùn kànga tí korobá ẹ̀ ti já, inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ti jẹ. Kò sí epo tó máa wo ìyẹn sàn.

Ọ̀rọ̀ táńkì

Lórí ìdérí táńkì, sukurúù kékeré kan wà níbẹ̀, ojú atẹ́gùn ni. Ṣíṣí ló gbọ́dọ̀ wà tí a bá ń wakọ̀. Bí epo bá ṣe ń jáde ni atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò ẹ̀. Tí kò bá wọlé, epo á há sínú táńkì.

Ní bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, màmá kan tó máa ń lọ ra ẹja láwọn abúlé orí ọ̀sà Lẹ́kí wá bá mi. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ á ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá kú. Ọmọ ẹ̀ tó ń wakọ̀ á ṣí táńkì wò bóyá epo ti tán, á rí i pé epo wà, á dé e, á fa okùn, ẹ́ńjìnnì á jí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì, ó tún di kẹ́kẹ́. Wọ́n ti gbé e lọ síbì kan, wọ́n ní kábúrétọ̀ ni, wọ́n sì ti fi owó ńlá ra tòkunbọ̀ kan sí i. Kò yí padà. Mo ní kí wọ́n gbé táńkì wá. Mo yí ìdérí ẹ̀, mo bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọ́n ṣẹ́ po lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ẹ̀. Epo máa ń ta sí ọmọ náà lára tí ìgbì bá gbé ọkọ̀, ló bá fi ọ̀rá dí i. Sukurúù atẹ́gùn wà ní ṣíṣí lóòótọ́, ọ̀rá ló ti dí i láti inú. Gbogbo ìgbà tó ń ṣí táńkì wo epo, òun ló ń jẹ́ kí táńkì mí, kò mọ̀. Màmá wo ọmọ, ọmọ wo omi. Ẹja ọ̀bọ̀kún méjì ni wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, mi ò sì kọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá ti rí ẹ́ńjìnnì tó ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì ń jí tí ẹ bá ṣí táńkì, ẹ má lọ jìnnà mọ́.

Omi ni ọ̀tá kejì, òun ló sì ń pa ẹ́ńjìnnì jù níhìn-ín. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ táńkì ló ń jókòó sí, ìsàlẹ̀ náà sì ni ẹnu ọ̀pá tó ń fa epo wà. Ibi tó ń gbà wọlé pọ̀. Òjò ń rọ̀ sí ìdérí tí rọ́bà ẹ̀ ti gbó. Kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi omi ṣan tí wọn ò jẹ́ kó gbẹ. Táńkì tí epo ẹ̀ ò ju ìdajì lọ tí wọ́n fi sùn síta: òtútù òru á jẹ́ kí ìrì sẹ̀ sí ara ẹ̀ nínú, á sì ro sínú epo. Lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bu epo láti ìsàlẹ̀ táńkì gan-an sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí omi bá wà, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, á máa yí gbirigbiri tí ẹ bá tẹ ìgò. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo tó láti dí jẹ́ẹ̀tì, bàbà kékeré oníhò tó ń wọn epo nínú kábúrétọ̀, torí epo máa ń gba ojú ihò jẹ́ẹ̀tì kọjá wẹ́rẹ́, omi kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Á dúró sẹ́nu ihò bí onígbèsè sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ da ìsàlẹ̀ táńkì yẹn nù, ẹ fi epo tó dáa díẹ̀ ṣan inú ẹ̀, ẹ sì máa fi asẹ́ tó ní ojú wẹ́wẹ́ da epo láti ìgbà náà lọ. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì kò burú tí ẹ ò bá ní òmíràn, ó ń gba ìdọ̀tí dúró, àmọ́ omi á kọjá lára ẹ̀.

Ní oṣù kejì 2022, epo tí wọ́n kó wọ orílẹ̀-èdè yìí tí methanol, irú ọtí kan, ti pọ̀ jù nínú ẹ̀ kó ìdààmú bá mọ́tò káàkiri, ọkọ̀ ojú omi náà ò sì yọ sílẹ̀. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ń fa omi mọ́ra, ó sì ń jẹ́ kí rọ́bà wú. Ọgbọ́n tí mò ń lò látìgbà yẹn nìyí, kí ẹ ṣe é kí ẹ tó po ọ́ìlì: ẹ bu omi sínú ìgò kékeré, kó ga tó ìbú ìka kan, ẹ fi bíírò fa ìlà síbi tó dé. Ẹ da bẹntiróòlù lé e títí ìgò á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ dé e, ẹ mì í, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí omi bá padà síbi ìlà, kò sí ọtí níbẹ̀. Tó bá ga ju ìlà lọ, ọtí inú epo ló ti bá omi lọ. Ẹ má da irú epo bẹ́ẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì àgbà.

Ti ọ́ìlì ò gùn. Ìwọ̀n ẹ̀ ni 50 sí 1: kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ọ́ìlì ìdajì lítà. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ písítìnì ẹ̀ á gba ìlọ́po méjì ìyẹn fún wákàtí 10 àkọ́kọ́. Ẹ ra ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sára ìgò ẹ̀, ti ọkọ̀ ojú omi nìyẹn; ti ọ̀kadà kọ́. Láti May 2023 tí owó epo ti fò sókè, mo ti rí ẹni tó ń fi ìdérí ìgò wọn ọ́ìlì bí ẹni ń wọn òróró tó fẹ́ fi dín ẹyin. Irú wọn máa ń padà wá, písítìnì ni wọ́n sì máa ń wá rà.

Họ́ọ̀sì àti pọ́ọ̀ǹpù

Pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ ni rọ́bà roboto tí a ń fún lára họ́ọ̀sì. Ọfà tí wọ́n yà sára ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Mo ti bá a ní ìdàkejì rí, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń wakọ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Tí ẹ bá ń fún un, ẹ gbé ìhà tó kọjú sí ẹ́ńjìnnì sókè. Ó yẹ kó le lẹ́yìn bí ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá, kó sì wà ní líle.

Tí kò bá le láéláé, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni: atẹ́gùn ń wọ họ́ọ̀sì níbì kan, tàbí fáàfù inú rọ́bà náà ti kú, tàbí epo ń kọjá láti ibẹ̀ lọ tú dànù ní kábúrétọ̀. Ẹ wo ẹnu kábúrétọ̀. Tí epo bá ń kán níbẹ̀, ẹ ti rí i. Tó bá ń le, àmọ́ tó ń fún ara ẹ̀ pọ̀ pẹlẹbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ohun kan ló dí i lẹ́yìn, láti ọ̀dọ̀ táńkì: ojú atẹ́gùn, tàbí asẹ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá táńkì.

Ẹ yẹ rọ́bà òrùka tó wà nínú ẹnu họ́ọ̀sì wò, níbi tí ẹ ti ń kì í bọ ẹ́ńjìnnì àti níbi tí ẹ ti ń kì í bọ táńkì. Òrùka yìí kéré ju ohun tí ẹnikẹ́ni máa kà sí. Tó bá ti sán, epo lè má kán síta rárá, àmọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fa epo, atẹ́gùn ló máa kọ́kọ́ fà. Láti mọ̀, mo máa ń gé họ́ọ̀sì aláwọ̀ omi tó gùn bí ìka, mo máa ń fi í sáàárín fítà àti pọ́ọ̀ǹpù ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀. Tí mo bá rí i tí epo ń kọjá pẹ̀lú hóró atẹ́gùn bí ìgbà tí ẹja ń mí lábẹ́ omi, mo mọ̀ pé ẹnu kan ṣí.

Họ́ọ̀sì dúdú tó ti pẹ́ tún ní àrékérekè kan. Ìta ẹ̀ á dára, awọ inú ẹ̀ á ti ṣí kúrò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn jẹ́jẹ́, epo á máa rí ọ̀nà kọjá. Tí ẹ bá fún ẹ́ńjìnnì, ìyẹn tí ẹ mú kó sáré, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo gan-an, awọ yẹn á dìde dí ọ̀nà. Ẹ lè fẹ́ atẹ́gùn sí i kó kọjá, ẹ ó sì rò pé ó dáa. Họ́ọ̀sì tó bá ti ju ọdún márùn-ún lọ nínú oòrùn wa yìí, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹ yéé bá a jà.

Ó kan pọ́ọ̀ǹpù ara ẹ́ńjìnnì. Kò ní iná mànàmáná kankan, èémí inú ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń ti awọ pélébé inú ẹ̀ lọ síwá sẹ́yìn tó fi ń fa epo. Báyìí la ṣe ń dán an wò: ẹ bọ́ sórí omi, ẹ fún ẹ́ńjìnnì dé ibi tó ti máa ń rẹ̀ ẹ́. Nígbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ bọ̀, kí ẹnì kejì máa fún pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ léraléra. Tí agbára bá padà, pọ́ọ̀ǹpù ẹ́ńjìnnì ló ń tàn yín jẹ, àyàfi tí ẹ kò bá tíì yanjú ọ̀rọ̀ táńkì. Ẹ tú u, ẹ gbé awọ yẹn sójú oòrùn. Ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ ti tó. Tó bá ti lu, epo á máa gba ibẹ̀ ṣàn tààrà sínú ẹ́ńjìnnì, pílọ́ọ̀gì kan á sì máa tutù ju èkejì lọ ní gbogbo ìgbà. Awọ àti gáskẹ̀tì ẹ̀ kì í wọ́n. Ẹ má fi rọ́bà inú táyà gé òmíràn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí mo fi ń pariwo lórí epo tí kò tó. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, kò sí ibòmíì tí ọ́ìlì ń gbà wọlé ju inú epo lọ. Tí epo bá kù, ọ́ìlì náà ti kù nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí epo ò tó lè má fi hàn. Nígbà míì á tiẹ̀ máa sáré, ohùn ẹ̀ á fẹ́lẹ́, á dùn, awakọ̀ á máa yangàn. Ibẹ̀ ló ti máa nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnnì tó ń kú lọ́wọ́ yín ń ṣe yín lóore; èyí tó ń rẹ̀ ẹ́ tí ẹ sì ń fi tipátipá wà á wálé ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ ká wá tú u

Tí epo tó mọ́ bá ń dé ẹnu kábúrétọ̀ dáadáa, tí wàhálà sì wà síbẹ̀, a ti ní ẹ̀tọ́ láti fẹ̀sùn kàn án báyìí. Ìwà tó ń hù á sọ ibi tó dí. Tó bá ń sáré dáadáa tó sì ń kú tí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó máa rìn jẹ́jẹ́, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni. Tó bá ń rìn jẹ́jẹ́ dáadáa, tó sì ń hu, tó ń kọsẹ̀, tí ẹ bá fún un, jẹ́ẹ̀tì ńlá ni. Ẹ fa ṣóòkù, ohun tó ń dín atẹ́gùn kù lẹ́nu kábúrétọ̀, díẹ̀ nígbà tó bá ń kọsẹ̀ yẹn: tí ara ẹ̀ bá yá, epo ni kò tó o, tó bá burú sí i, epo ló pọ̀ jù. Tí epo bá ń tú dànù lẹ́nu ẹ̀, tí pílọ́ọ̀gì dúdú tó sì tutù, abẹ́rẹ́ tó ń dí epo inú ẹ̀ ni kò dí i mọ́, tàbí fúlótì, ohun tó ń léfòó lórí epo nínú abọ́ ẹ̀, ló há.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya fọ́tò ẹ̀ lápá ọ̀tún, lápá òsì àti láti òkè. Ayé ti rọrùn; àwa nígbà tiwa, orí la fi ń ya fọ́tò. Ẹ yọ họ́ọ̀sì epo, ẹ tú irin tó so ṣóòkù mọ́ ọn àti èyí tó so ọwọ́ ìdarí mọ́ ọn, kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì tó mú un mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Aṣọ funfun ni mo wí, torí jẹ́ẹ̀tì tó bá bọ́ sínú iyanrìn èbúté, ó di ti iyanrìn.

Ẹ kọ́kọ́ wá sukurúù kékeré tó ní sípíríìnì lára, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀. Òun ló ń wọn epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ máa yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó, kí ẹ máa ka iye ìyípo. Ọ̀kan àtààbọ̀ ni? Méjì ni? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fún un mọ́lẹ̀, imú ẹ̀ á tẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni kí ẹ tó yọ ọ́.

Ẹ tú abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀, kí ẹ da ohun tó wà nínú ẹ̀ sínú ìgò kí ẹ wò ó, ẹ má kàn dà á nù. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí ìtàn gbogbo: omi, ìpẹ́ táńkì, ẹ̀tù funfun bí ẹ̀fun níbi tí omi ti ń jẹ irin kábúrétọ̀. Àwọn tó ń ná apá Èkó lórí ọ̀sà máa ń rí ẹ̀tù yìí jù lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi ọ̀sà ti ní iyọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti jókòó fún oṣù mélòó kan pẹ̀lú epo nínú, oje kan tó pọ́n bíi ti igi á ti lẹ̀ mọ́ ohun gbogbo. Bẹntiróòlù ti fò lọ, ohun tó ṣẹ́kù nìyẹn.

Ẹ fa pín-ìnnì kékeré tó mú fúlótì yọ. Fúlótì àti abẹ́rẹ́ á jáde pọ̀. Ẹ mi fúlótì létí. Tí ẹ bá gbọ́ tí epo ń mì nínú ẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó mọ́. Ẹ wo imú abẹ́rẹ́: tí ẹ bá rí ìlà yíká bí òrùka, ó ti jẹ, ẹ ra òmíràn.

Jẹ́ẹ̀tì wá kù. Ẹ fi sukurudíráfà tó kún ojú ẹ̀ dáadáa tú u, torí bàbà rọ̀, ojú ẹ̀ ò sì pẹ́ẹ́ fọ́. Ẹ gbé e sókè sí oòrùn. Ihò ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí roboto, kí ìmọ́lẹ̀ sì yọ láìsí irun kan níbẹ̀.

Ní ọdún kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi, wọ́n rán mi sí jẹ́ẹ̀tì kan tó dí, wọ́n sì lọ kírun. Mo wá abẹ́rẹ́ ìránṣọ, mo kì í bọ̀ ọ́, mo yí i títí ó fi kọjá. Mo yọ̀. A dè é padà, ẹ́ńjìnnì jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu èéfín bí ààrò, ó sì mu epo tán kó tó dé ibi tó máa ń dé. Ọ̀gá tú u. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n gbé jẹ́ẹ̀tì tó dáa kan sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi, tèmi sí òsì, wọ́n ní kí n wò wọ́n lójú oòrùn. Èyí tó wà lọ́tùn-ún yí bí ojú ẹyẹ. Tèmi rí gbágungbàgun, ó sì ti fẹ̀. Wọ́n ní, "Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀ ńkọ́, ó ṣì jẹ́ òótọ́?" Mo kàn ń wo ilẹ̀.

Ohun tí mò ń lò báyìí ni fọ́nrán ọ̀rá kan ṣoṣo tí mo já lára àwọ̀n apẹja. Kò le ju bàbà lọ, kò lè fẹ̀ ẹ́. Mo máa ń rẹ jẹ́ẹ̀tì sínú bẹntiróòlù tó mọ́ mọ́jú tí oje bá ti gan mọ́ ọn, màá wá ti fọ́nrán yẹn bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà màá gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá fọkanáísà tó wà lójú títì kó fún mi ní atẹ́gùn. Ẹ fẹ́ gbogbo ihò tó wà lára kábúrétọ̀, kì í ṣe ti jẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ wo àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà nínú ọ̀fun ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awẹ́ tó ń ṣí tó ń dé: tí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí ihò sukurúù tí ẹ yọ lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí ẹ gbọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ dáàbò bo ojú yín. Tí ẹ bá ń lo oògùn ìfọkábúrétọ̀ tó wà nínú agolo, ẹ ti yọ gbogbo rọ́bà kúrò níbẹ̀ ná, torí ó máa ń jẹ wọ́n.

Kí ẹ tó dé abọ́ padà, ẹ dá abẹ́rẹ́ àti fúlótì sípò, ẹ dorí kábúrétọ̀ kodò, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn jẹ́jẹ́ gba ẹnu ibi tí epo ń gbà wọlé, pẹ̀lú họ́ọ̀sì tó mọ́ tí kò kan epo rí. Kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ gbé e dúró dáadáa, kí fúlótì wálẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ kọjá. Ìdánwò yìí kò gba ìṣẹ́jú kan, ó sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ títú u lẹ́ẹ̀kejì.

Gáskẹ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dè é. Mo mọ àwọn tó ń gé páálí Omo fi ṣe gáskẹ̀tì, mo sì mọ àwọn tó ń fi gọ́ọ̀mù yí gbogbo ẹnu abọ́ ká. Páálí á rà. Gọ́ọ̀mù á gbẹ, á já wẹ́wẹ́, ibo ni ẹ rò pé ó máa lọ? Mo ti yọ gọ́ọ̀mù pupa nínú jẹ́ẹ̀tì tó ìgbà tí mi ò lè kà mọ́.

Dúrọ́ọ̀mù omi ni ẹ ti máa kọ́kọ́ jí i, kí omi ga ju ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa omi ìtutù lọ. Ẹ má jí i lórí gbígbẹ, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan: rọ́bà tó ń fa omi á jóná. Ẹ jẹ́ kó gbóná fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ti dá sukurúù kékeré padà sí iye ìyípo tí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ máa yí i ní ìdámẹ́rin ìyípo, kí ẹ dúró díẹ̀ kó dáhùn, títí ẹ ó fi rí ibi tí ohùn ẹ̀ ti dọ́gba jù. Ẹ wá yí i síta díẹ̀ sí i, ìdámẹ́jọ péré, kí epo má baà dín nígbà tí ẹ bá bọ́ sórí omi tí ẹrù wúwo. Ẹ máa fi ìka yẹ gbogbo ojú ibi tí ẹ tú wò bóyá epo ń ṣẹ́, kí ẹ tó dé orí ẹ̀ padà.

Nígbà tí iṣẹ́ bá tán lọ́jọ́ náà, tí ẹ́ńjìnnì ò sì ní jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ nínú omi, ẹ yọ họ́ọ̀sì epo lára ẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀ kó mu èyí tó wà nínú abọ́ tán, kó kú fúnra ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ tú sukurúù ìsàlẹ̀ abọ́ kí èyí tó ṣẹ́kù kán jáde sínú agolo. Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ ní ìdúró, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀. Ní ti táńkì, ẹ kún un dẹ́nu tàbí kí ẹ dà á tán pátápátá, kí ẹ wá pa ojú atẹ́gùn ẹ̀ dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.